Ọyẹ́ Tí A Bá ní Quartzsite

Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn pé inú ọkọ̀ ni èmi àti ìyàwó mi yóò máa gbé fún odidi oṣù mẹ́ta, nínú aṣálẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Arizona, ó kọ́kọ́ dákẹ́ lórí fóònù, lẹ́yìn náà ni ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ tí ó bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé kò sí nǹkan? Àbí wọ́n ti gba ilé lọ́wọ́ yín ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ìbéèrè náà. Mo kọ́ ilé kan sí Àkóbọ̀, ayálégbé ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀, òkè rẹ̀ sì ṣófo, ó ń dúró dè mí. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó ní ilé síbi tí oòrùn ti ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó wá ń wa mọ́tò fún kìlómítà tí ó lé ní 3,000 lọ wá oòrùn síbòmíràn, ó yẹ kí wọ́n gbàdúrà fún un.

Ìdáhùn tí mo fún un ni pé ìyàwó mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi náà sì ń lo oògùn, àti pé Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 65, kì í sábà san owó ìtọ́jú ẹni tí àìsàn bá ká mọ́ ẹ̀yìn odi. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ tán. Èyí tí n kò sọ ni pé lẹ́yìn ọdún 31 tí mo ti ń gbé ní Brooklyn Park, lẹ́bàá Minneapolis, níbi tí otútù oṣù Kìn-ín-ní lè lọ sí ìwọ̀n 25 nísàlẹ̀ òdo, àwọn tí a jọ di àgbà wà níhìn-ín, wọn kò sí ní Àkóbọ̀. Bí mo bá délé, àwọn ọmọ tí n kò mọ orúkọ wọn ni wọ́n máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Àwọn tí à bá jọ fẹ̀yìn ti ògiri kí a máa bá ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, púpọ̀ nínú wọn ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n ni ó dá ìrìn àjò náà lábàá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, a sì jọ ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn kan fún ọdún 17, nítorí náà bí ó bá ní kí n dìde, n kì í bèèrè ibi tí à ń lọ kí n tó wọ bàtà. Òun náà gbọ́ nípa rẹ̀ láti ẹnu aládùúgbò rẹ̀, òyìnbó kan tí ó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe, tí ó sì ti ń lọ sí Arizona lọ́dọọdún láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Snowbird ni wọ́n ń pe irú wa, ẹyẹ yìnyín, nítorí pé bí yìnyín bá ti ń bọ̀ ni a máa ń ṣí lọ sí gúúsù. Ìyá Ìbejì, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, kò gba orúkọ náà rárá. Ó ní lékeléke ni wá, nítorí pé lékeléke ni ẹyẹ tí òun mọ̀ tí ó ń bá ẹ̀ẹ̀rùn dé, àti pé kò sí ohun tí ó kan òun kan yìnyín mọ́.

Ọkọ̀ tí à ń wí yìí, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV, jẹ́ mọ́tò tí wọ́n kọ́ ilé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tiwa gùn tó mítà mẹ́jọ, ògbólógbòó ni, bẹ́ẹ̀dì kan wà nínú rẹ̀, ààrò onígáàsì, fìríìjì, ilé ìwẹ̀ tí ènìyàn kò lè yí ara padà nínú rẹ̀ láì fi ìgúnpá gbá ògiri, àti táńkì mẹ́ta lábẹ́: ọ̀kan fún omi mímọ́, ọ̀kan fún omi ìdọ̀tí, ọ̀kan fún ìgbẹ́. Mo dárúkọ àwọn táńkì náà nítorí pé àwọn gan-an ni ọba ibẹ̀. Kò sí ìjíròrò kan tí a ṣe ní oṣù mẹ́ta náà tí kò padà já sí ọ̀rọ̀ táńkì.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni a gbéra. Páìpù ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ní omi nínú nígbà tí ènìyàn bá ń kúrò ní Minnesota ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, nítorí pé omi náà yóò dì, yóò sì bẹ́ páìpù. Omi oògùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí kì í tètè dì, ni a fi rọ́pò rẹ̀, ilé epo ni a sì ti ń yà gba ara sílẹ̀ títí a fi jìnnà. A gba Interstate 35, ọ̀nà márosẹ̀ kan, kọjá ní Iowa, Missouri àti Kansas dé Oklahoma City, a yà sí ìwọ̀ oòrùn, a gba Amarillo dé Albuquerque. Ibẹ̀ ni àwọn tí kò mọ̀nà ti máa ń lọ tààrà sí Flagstaff, tí wọn yóò sì bá yìnyín tí wọ́n sá fún níbẹ̀, nítorí pé ìlú náà ga tó nǹkan bí 2,100 mítà lórí òkun. Gúúsù ni àwa gbà, a sì sinmi ní Deming, níbi tí a ti fi omi gidi ṣan oògùn náà jáde. Jálẹ̀ ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n ní kí n máa ṣíwájú, òun yóò máa tẹ̀ lé mi. Mo rò pé iyì ni ó fi fún mi.

Ní ti Quartzsite fúnra rẹ̀, bí ènìyàn bá gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù Keje, kò ní mọ̀ pé òun ti kọjá ìlú kan. Ìkànìyàn ọdún 2020 kò rí ju nǹkan bí 2,400 olùgbé níbẹ̀. Ẹ̀bá Interstate 10 ni ó wà, kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí odò Colorado tí ó pààlà láàárín Arizona àti California. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kìn-ín-ní bá dé, bí ènìyàn bá dúró lórí òkìtì kékeré kan, ọkọ̀ funfun ni yóò máa rí títí dé ẹsẹ̀ òkè, bí agbo àgùntàn tí kò ní olùṣọ́. BLM, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba, ti ya àwọn ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ láti ọdún 1983 fún àwọn tí ó bá fẹ́ pẹ́. La Posa ni à ń pe èyí tí a lọ. Nígbà tí a lọ, 180 dọ́là ni ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì gba ènìyàn láyè láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, pẹ̀lú omi àti ibi tí a ti lè tú táńkì ìdọ̀tí. Ẹni tí kò bá fẹ́ san nǹkan kan lè lọ dúró sórí ilẹ̀ ìta, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ 14 bá pé, yóò ká ẹrù rẹ̀.

Kò sí wáyà iná. Kò sí páìpù omi lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Oníkálùkù ni ó ń fi pátákó sólà àti bátìrì tan iná fún ara rẹ̀, tí ó ń lọ pọn omi, tí ó sì ń wá bí yóò ti ṣe ìdọ̀tí rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń ka ìwé, wọ́n sì máa ń wo fídíò kí wọ́n tó lè ṣe é. Àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà, níbi tí olúkúlùkù baálé ti jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fún ara rẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́ tuntun kan nínú rẹ̀ fún wa. Ohun kan ṣoṣo tí ó yà mí lẹ́nu ni pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni gbogbo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀, wọ́n sì ń dákẹ́ lóòótọ́. Mo ronú kan àwọn aládùúgbò mi ní Àkóbọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ lù mí lójú, mo sì dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n fi oríkì pè. Ọyẹ́ ni. Ihò imú mi gbẹ, ètè mi fà, kúbùsù tí mo ká ń ta iná pàràpàrà lọ́wọ́ mi. Otútù òwúrọ̀ kò ju ìwọ̀n mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi, láì wo fóònù, pé kí ó tó di ọ̀sán, a óò bọ́ súẹ́tà. Ọyẹ́ tiwa nílé máa ń kó eruku Sahara wá, tí òkè kì í fi hàn, tí oòrùn yóò sì dà bí àwo amọ̀. Ti Arizona mọ́ kedere, òkè tí ó jìnnà dà bí ohun tí a lè na ọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n gbígbẹ náà, gbígbẹ kan náà ni. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá kò tó èyí tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn nínú oṣù Kẹfà nìkan. Láti ọdún 31, yìnyín ni mo ti ń pè ní otútù. Mo ti gbàgbé pé otútù mìíràn wà tí ó ní ọ̀sán nínú.

Ìyàwó mi kò gbàgbé ní tirẹ̀. Ó ti di ike òrí méjì sínú ẹrù láti Minnesota, n kò sì mọ ohun tí ó rí kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gìgísẹ̀ gbogbo wa ti ń dán. Òyìnbó aládùúgbò Ẹ̀gbọ́n, tí òun náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ odò tí ó gbẹ, kọ́kọ́ fi imú fà á, ó sì fa ojú ro nítorí òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó padà wá bèèrè èyí tí yóò máa tọ́jú sínú ọkọ̀. Ìyá Ìbejì kọ́ ọ bí a ti ń kí ènìyàn pé "Ẹ kú ọyẹ́," láti ìgbà náà sì ni ó ti ń kí gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀, títí kan obìnrin ará Kánádà kan tí ó máa ń mú ajá rẹ̀ kọjá láràárọ̀, tí òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Bí a ti to ọkọ̀ wa ni ó jẹ́ kí ibẹ̀ dùn mọ́ mi. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ máa ń kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, kí oníkálùkù lè rí òkè tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò gbà. Ó ní kí ilẹ̀kùn gbogbo wa kọjú sí ara wọn, kí a fi àárín sílẹ̀ fún iná àti àga, ó sì fi ẹsẹ̀ fa ìlà sí ilẹ̀ olókùúta náà bí ẹni tí ń pín ilẹ̀ ìdílé. Bí ènìyàn bá jí, ó gbọ́dọ̀ kí ará ilé kejì kí ó tó rí òkè kankan. Ní alẹ́, igi tí a rà ni a fi ń dáná, àwọn obìnrin yóò sì máa pín iṣẹ́ ọbẹ̀, nítorí pé bí ènìyàn mẹ́ta bá ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gáàsì ló ń ṣòfò. Agboolé ni, kí n má purọ́. Inú agboolé ni wọ́n ti bí mi, ní Òkè-Àdó, mo sì ti sá kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún nítorí ariwo rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ omi. Táńkì omi mímọ́ wa gba 40 gálọ́ọ̀nù, ìyẹn nǹkan bí 150 lítà, Ẹ̀gbọ́n sì ti pàṣẹ pé ó gbọ́dọ̀ gbé ènìyàn méjì fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ẹni tí omi bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú gbogbo ilé rẹ̀ palẹ̀, kí ó wa ọkọ̀ náà lọ sí ibi ẹ̀rọ, kí ó sì tò sórí ìlà. Bí a bá ń wẹ̀, a ó rẹ ara, a ó ti omi, a ó fi ọṣẹ, kí a tó tún ṣí i láti ṣan. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì ni à ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwo ọbẹ̀, pépà ni a kọ́kọ́ ń fi nù ún, nítorí pé epo pupa tí ó bá wọ táńkì ìdọ̀tí yóò lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, òórùn tí yóò sì máa ti ibẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn.

Èmi tí mo ń kọ gbogbo òfin yìí sílẹ̀ ni mo rú u. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, mo ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná láti bu omi mu. Kò dà. Mo rántí pé mo ti pa ẹ̀rọ tí ń fa omi, mo bá mu omi inú ike, mo sì lọ sùn láì ti ẹ̀rọ ilé ìdáná náà padà. Ìyàwó mi jí, ó tan ẹ̀rọ tí ń fa omi láti ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kí ó sì tó wọ inú lọ, Ìyá Ìbejì ti ń pè é kí àwọn méjèèjì lọ wo ọjà àwọn tí ń ta òkúta olówó iyebíye. Èmi wà nídìí iná pẹ̀lú ife tíì. Nígbà tí mo padà wọlé, 40 gálọ́ọ̀nù tí a pọn lánàá ti lọ, táńkì ìdọ̀tí ti kún, omi sì ti gba ojú ihò ilé ìwẹ̀ padà sókè, ó ń ṣàn bọ̀ wá sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n wá, ó wò ó, kò bá mi wí. Ìbá sàn kí ó bá mi wí. Aládùúgbò wa gbé táńkì kékeré aláwọ̀ búlúù onítáyà rẹ̀ wá, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, ó sì fa omi ìdọ̀tí náà lọ ní ìrìn méjì, kí a má baà tú ilé palẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà mi. Méjì jẹ́ ti Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ti òyìnbó. Ẹ̀kẹrin, mo bèèrè yí ká kí n tó mọ̀ pé obìnrin ará Kánádà náà ni ó gbé e wá. Àwa àti òun kò tíì sọ ju "Ẹ kú ọyẹ́" lọ. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ lé èjìká, n kò sì ti gbé omi báyìí láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n èjìká náà mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ibojì kan wà ní Quartzsite tí mo máa ń lọ wò ní ọ̀sán. Pírámíìdì kékeré ni, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ọdún 1935, ràkúnmí oníbàbà kan sì dúró lórí rẹ̀. Hi Jolly ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ náà, mo rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tí mo kà á síta tí etí mi sì gbọ́ ọ: Hájì Ali ni. Ní ọdún 1856, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ràkúnmí wọ orílẹ̀-èdè wọn láti fi ru ẹrù kọjá aṣálẹ̀, wọ́n sì gba àwọn tí ó mọ ràkúnmí dà láti ilẹ̀ àwọn Ottoman, ìyẹn ìjọba Tọ́kì àtijọ́, mọ́ wọn. Ọkùnrin yìí wà lára wọn. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ètò náà túká, wọ́n ta àwọn ràkúnmí, wọ́n sì tú àwọn mìíràn sígbó, ṣùgbọ́n Hájì dúró títí ó fi kú ní ọdún 1902. Ẹnu àwọn ènìyàn kò gba orúkọ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí ẹnu wọn lè gbé. Ní ibi iṣẹ́ mi, "Ade" ni mo jẹ́ fún ọdún 17. Ade wo? Wọn kò bèèrè, n kò sì sọ.

Ibi tí ó wù mí láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni Palm Canyon, nínú igbó ọba Kofa, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àgùntàn òkè ní ọdún 1939. A wa ọkọ̀ òyìnbó lọ sí gúúsù, a yà sí ọ̀nà erùpẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ gun òkúta díẹ̀. Bí ènìyàn bá gbójú sókè síbi tí àpáta ti là, yóò rí igi ọ̀pẹ mélòó kan tí wọ́n fún ara wọn mọ́ inú ìlà náà, níbi tí oòrùn kì í pẹ́ lára wọn lóòjọ́. Kì í ṣe ọ̀pẹ tiwa, kò ní epo, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ni, inú aṣálẹ̀ ni, ìyàwó mi sì pariwo. Gbogbo wa ń nàka. Ẹ̀gbọ́n náà ní, "Mo ti rí i, mo ti rí i, ó dára púpọ̀." Mo wò ó. Àpáta tí kò ní nǹkan kan lórí ni ó kọjú sí.

N kò sọ ọ́ níbẹ̀. Ó di alẹ́, nígbà tí àwọn obìnrin ti wọlé, kí n tó bi í. Ó fi igi tún iná ṣe fún ìgbà pípẹ́. Ó ní awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú òun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, dókítà sì ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ni yóò mú un kúrò, ṣùgbọ́n òun sún un síwájú nítorí ìrìn àjò yìí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo wá ni ẹ ṣe wakọ̀ dé ibí?" Ó ní, "Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ ni mo ń tẹ̀ lé." Láti Minnesota. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì ń ka gbogbo ibi tí mo ti tẹ bíréèkì lójijì lọ́nà náà.

Ìyá Ìbejì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ìyàwó tí kì í mọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ṣe ń wa ọkọ̀ náà, nítorí pé Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án rí, Ìyá Ìbejì sì ti pé ọmọ ọdún 66. Aládùúgbò òyìnbó ni ó sọ pé òun yóò kọ́ ọ. Ó wá ilẹ̀ títẹ́jú kan nínú aṣálẹ̀ náà, ó to garawa wa mẹ́fà sórí rẹ̀, ó ní kí ó máa gba àárín wọn lọ, kí ó sì máa fi ẹ̀yìn padà bọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó fọ́ garawa méjì. Ní ọjọ́ kejì, ó fọ́ ọ̀kan, ó sì bọ́ sílẹ̀ láti fi ẹ̀gún kan tí ó há sí táyà han ọkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́. Àwa tí a jókòó lórí àga máa ń pàtẹ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, etí ni ó fi ń tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì náà, yóò sì máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Yí jíà. Yí i báyìí."

Ní ìparí oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀sán ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù, a kó eérú iná wa sínú garawa tí kò tíì fọ́, a sì ro ojú ilẹ̀ náà títí ìlà tí Ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ fà kò fi hàn mọ́. Omi díẹ̀ kù sínú kẹ́ẹ̀gì. Ìyàwó mi fẹ́ dà á sí ìdí igi kan tí ó ti ṣíji bò wá, Ẹ̀gbọ́n ní kí ó dúró, kí a kọ́kọ́ fi sè tíì, a sì jókòó mu tíì náà láàárín ibi tí kò sí agboolé mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó gbọn eruku lára ṣòkòtò, ó sì rìn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ṣí i. Ìyá Ìbejì ti wà níbẹ̀, ó ti de bẹ́líìtì mọ́ra, ó ń wo iwájú. Ẹ̀gbọ́n dúró díẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn náà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gba iwájú ọkọ̀ náà yí po, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ara irin rẹ̀ lọ, ó sì gòkè láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá Ìbejì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Mo jẹ́ kí ó ṣíwájú.